Lẹ́yìn Òjò Àkọ́rọ̀

Ẹ̀ẹ̀rùn a máa pẹ́ lójú ẹni tí ń retí òjò. Ọ̀yẹ́ a gbẹ ewé, iná a sọ ọ̀dàn di eérú, títí ojú ọ̀run yóò fi ṣú ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tí òjò àkọ́rọ̀ yóò sì rọ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó rọra máa rìn, kí ó sì máa wo ilẹ̀.

Ní ọ̀dàn ìhà Ọ̀yọ́, òdòdó pupa kan a máa yọ láti inú ilẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó jáde. Lórí ọ̀pá kan ṣoṣo ni òdòdó wẹ́wẹ́ rẹ̀ gbé ṣù jọ rìbìtì bí bọ́ọ̀lù. Abẹ́ ilẹ̀, nínú ohun kan tí ó dà bí àlùbọ́sà, ni ó kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í sí ẹnu, nítorí ó ní oró.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èsúnsún yóò jáde láti inú ògán. Ọmọ ikán ni wọ́n, ìyẹ́ mẹ́rin ni wọ́n sì ní. Àwọn ọmọdé a gbé àwo omi sábẹ́ fìtílà láti kó wọn. Ẹni tí kò bá tí ì jẹ èsúnsún yíyan oníyọ̀ kò mọ ohun tí ó fò ó dá. Èyí tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ wa, lọ́wọ́ alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́, yóò gbọn ìyẹ́ rẹ̀ nù, akọ àti abo yóò sì jọ wọ ilẹ̀ lọ láti tẹ ìlú tuntun dó.

Lékèélékèé ń padà lọ sí ìhà àríwá ní àkókò yìí. Ẹ̀gà ní tirẹ̀ wà lórí ọ̀pẹ, ó ń hun ilé. Akọ ni ó ń hun ún; bí abo bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò wù ú, akọ yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún òmíràn hun.

Ìgbín ni ó dùn mí jù. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti fi awọ funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Òjò yìí ni ó jí i, àwọn tí ń ṣa ìgbín sì ti ń dúró dè é pẹ̀lú àtùpà. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń ṣà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni kò tí ì yé ẹyin ọdún yìí. Ẹyin ìgbín ńlá inú igbó wa kì í sábà tó 20 lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì tó bí ọdún kan kí wọ́n tó dàgbà. Nítorí náà ni ìgbín fi ń wọ́n nínú oko tí a ti ń ṣa àti ńlá àti kékeré. Bí ẹ bá tú ewé jíjẹrà, tí ẹ bá ẹyin rúsúrúsú tí ó tó ẹ̀kùrọ́, ẹ dá ewé náà padà bò wọ́n kí oòrùn má baà gbẹ wọ́n.