Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọ̀nà Ọkọ̀ Ojú Irin ní Èkó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń ti Sẹ̀mẹ̀ lọ ná ọjà ní Èkó, ẹ mọ ìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Nísinsìnyí, ọkọ̀ ojú irin ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1983, gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Owó tí wọ́n ti san ṣòfò.

Ní ọdún 2010, wọ́n tún ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Irú iṣẹ́ yìí ní ètò. A ó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. A ó san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. A ó ṣe afárá, a ó to irin, a ó kọ́ ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó wa ọkọ̀ náà lófìfo láti dán an wò.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́. Ìpín kìíní jẹ́ kìlómítà 13, ó ní ibùdókọ̀ 5. Ètò wà pé kí ìpín kejì dé Okokomaiko, ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Iná mànàmáná ni ọkọ̀ náà ń lò. Irin tí ó gbé iná náà lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe sọdá lórí rẹ̀!

Iṣẹ́ tí a pa tì ń jẹ owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè
1. Ọdún mélòó ni ó wà láàrin 1983 àti 2023?
2. Kí ni a ń ṣe kí a tó to irin?
3. Iṣẹ́ wo ni a pa tì ní ìlú yín? Kí ni ẹ lè ṣe sí i?