Ẹni tí ó kú tí ó sì di alágbára: Ẹ̀kọ́ lórí ìtàn àtúnwá tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kà



Ní Ijoku níhìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì tí kò yege. Òun a máa kàwé lórí fóònù rẹ̀ títí àkùkọ yóò fi kọ. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ń kà, ó dá mi lóhùn pé: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìtàn ọkùnrin kan ni, ẹni tí ó kú, tí a sì tún un bí sí ayé mìíràn, tí ó di alágbára. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan kò gún fún un rí." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wò lóṣù yìí.

Ilẹ̀ Japan ni irú ìwé wọ̀nyí ti wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni a ti kọ́kọ́ ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan tí ó lókìkí ni Mushoku Tensei, tí òǹkọ̀wé tí ń pe ara rẹ̀ ní Rifujin na Magonote bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Ọkùnrin ẹni ọdún 34 kan ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò tilẹ̀ bá wọn sin òbí rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ lé e jáde, ọkọ̀ akẹ́rù sì pa á. A tún un bí ní ìkókó sí ayé tí idán gbé wà, pẹ̀lú gbogbo ìrántí rẹ̀.

Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí? Ẹni tí ó kú nílé, wọ́n ní a tún rí i ní ìlú òkèèrè, tí ó ń tajà, tí ó sì ti gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Èyí yàtọ̀ sí èrò tí àwọn baba wa fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé. Ìjọ kò kọ́ wa ní èrò náà, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Babátúndé ń bọ̀ wá sílé, àkúdàáyà ń sá fún ilé.

Kí ni ó ń fa ọkàn ọ̀dọ́ sí irú ìtàn yìí? Ìrètí àtibẹ̀rẹ̀ lọ́tun ni. Ẹni tí a ti ń pè ní olódo láti kékeré yóò fẹ́ ibi tí a kò gbé mọ orúkọ náà. Ìrètí yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kí a fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Síbẹ̀ àbùkù ìwé wọ̀nyí pọ̀. Èkíní, nínú púpọ̀ nínú wọn, a kàn fi agbára lé akọni lọ́wọ́ ni, láìṣe làálàá, kò sì sí ọ̀tá tí ó lè dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣubú, báwo ni yóò ṣe fi ìgboyà hàn? Mushoku Tensei sàn ju ọ̀pọ̀ lọ ní ti èyí: ẹ̀rù àtijọ́ bá ọkùnrin náà dé ayé titun, ara rẹ̀ sì gbọ̀n nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ mú un jáde kúrò nínú ọgbà ilé.

Èkejì, ilé àkọ́kọ́ wà bí ó ti wà. Àwọn tí ó ṣẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ìtàn tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní London ní ọdún 1952. Akọni rẹ̀ ní oògùn púpọ̀, ó sì ń fi agbára yangàn. Ó wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú dé ìlú àwọn òkú, ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ kò lè mú un padà. Ẹyin kan ni adẹ́mu fún un. Ó gbé e padà sílé, ó bá ìyàn níbẹ̀, ó sì fi í bọ́ àwọn ènìyàn títí wọ́n fi fọ́ ọ. Agbára rẹ̀ ní òpin, ó sì kọ́kọ́ wúlò fún ìlú rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Àwa ará Ijoku kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìlú wa jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú 13 tí ó parapọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872, nítorí ààbò. Àwọn baba wa bẹ̀rẹ̀ ayé titun nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ ìlú wọn dání.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìkùnà rẹ̀ nìkan ni a ń rántí nílé, àwa gan-an ni a ń lé e lọ bí àkúdàáyà. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ó máa wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, kí a jọ ka ìwé ìdánwò. Ó bi mí bóyá n kò ní bá a sọ ti ọdún tí ó kọjá. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó sọ ọ́, kí a lè mọ ibi tí ó ti ṣì í.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Babátúndé àti àkúdàáyà?
2. Bí a bá fún ọ ní agbára lónìí, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ tún ṣe nílé?
3. Ta ni nínú ilé wa tí a kò tíì fún láàyè láti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun?