Ǹjẹ́ Ètò Ìlera Tí Yóò Kárí Gbogbo Ènìyàn Ṣeé Ṣe Ní Ilẹ̀ Wa?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ohun tí a fẹ́ yẹ̀wò lóṣù yìí ni pé: ǹjẹ́ Nàìjíríà lè ní ètò ìlera tí aláìsàn kò fi ní máa wá owó kiri kí dọ́kítà tó fọwọ́ kàn án? Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ni ó kù.

Òfin ti pọ̀ nílẹ̀. Ọdún 1999 ni ìjọba ológun ṣe òfin adójútòfò ìlera; ó di ọdún 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń san owó oṣù wọn mọ ibi tí wọ́n wà. Ta ni yóò gba ti aláta, ti télọ̀ àti ti ọlọ́kadà? Àwọn wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù nínú wa, dandan orí ìwé kò sì lè tọwọ́ bọ àpò wọn.

Àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Nígbà tí Ghana ṣe òfin tirẹ̀ ní 2003, wọ́n fi ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọjà láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní Rwanda, ìlú tí ìpakúpa 1994 fọ́ túútúú, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dá owó, ìjọba sì ń san ti àwọn tí ó tòṣì jù. Ta ni yóò sọ pé Rwanda lówó jù wá lọ? Kódà ní 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé-ìwòsàn ńlá sí Cairo, ó fi wakafu gbé e ró, tálákà kò sì sanwó níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé haramu ni, pé ó jọ tẹ́tẹ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ní 1985, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ fíkíhù ní Jiddah dájọ́ pé adójútòfò oníṣòwò kò tọ́, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ tọ́. Ó dàbí àjọ tí a ń dá, àyàfi pé ẹni tí àìsàn bá kàn ni ó ń kó o. Ibi tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń jèrè láàrin, ó yẹ kí a bi í léèrè dáadáa.

Ní ti tálákà tí kò rí owó dá, Súrátù Tawbah, aaya 60, fi aláìní àti mẹ̀kúnnù ṣáájú nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. A kò rí ohun tí ó ní kí mọ́ṣáláṣí kan má fi sàká san owó ọdún kan fún opó aláìní mẹ́wàá. Àwọn aáfà kan, pàápàá àwọn tí ń tẹ̀lé Hanafi, yóò sọ pé sàká gbọ́dọ̀ di ohun ìní ẹni tí a fún. Èyí kò le: orúkọ opó náà ni kí a kọ sí káàdì, kí a fi lé e lọ́wọ́, kí ó máa mú un lọ sí ọsibítù fúnra rẹ̀ láìkọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìmáàmù.