Ọmọ Tí Kò Ríran Lè Kàwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, púpọ̀ nínú yín ti dàgbà kí ẹ tó mọ ìwé kà. Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí lára ènìyàn nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé lé e lọ́wọ́, tí kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ti òní dá lórí ọmọ tí kò ríran. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú agbo ilé yín, ní Kambolé, ní Tchamba tàbí ní Sokodé, kí ni ẹ ń ṣe fún un? Àwọn kan ń fi í sílé kí ó máa jókòó lójú kan. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kí wọ́n fà á lọ́wọ́ kiri ọjà láti tọrọ owó. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń kàwé, òun kò tíì mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé ojú ni a fi ń kàwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ náà ń kàwé.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ojú tí kò ríran ni ó ti bàjẹ́ pátápátá. Bí nǹkan funfun bá bo ẹyinjú ọmọ, oníṣègùn ojú lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí ó sì tún ríran. Ẹ má fi falẹ̀ o, nítorí ojú ọmọdé tí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn, bí wọ́n tilẹ̀ ṣí i, kì í sábà ríran dáadáa mọ́. Ẹ má sì kán omi ewé tàbí oògùn inú ọjà sí i.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ọdún 1889. Orúkọ rẹ̀ ni Taha Hussein. Ojú ń dùn ún nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ojú ni wọ́n pè láti tọ́jú rẹ̀, ojú sì fọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi í sílé. Ó lọ sí ilé-kéwú, ó há Kùránì sórí, ó lọ sí Al-Azhar ní Káírò, lẹ́yìn náà ó lọ sí yunifásítì. Ní ọdún 1914 ó gba oyè dókítà. Láti 1950 sí 1952, òun ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Íjíbítì. A sọ ìtàn yìí nítorí pé òbí tí kò ní fi ọmọ afọ́jú sí ilé-ẹ̀kọ́ lè fi í sọ́dọ̀ alfa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó lè há súúrà sórí lè há ìṣirò sórí pẹ̀lú. Kí wọ́n má ṣe dá a dúró síbẹ̀.

Wàyí o, báwo ni ọwọ́ ṣe ń kàwé? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Braille, ni ó gbé ọ̀nà náà kalẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1809 ní Coupvray, nítòsí Paris. Bàbá rẹ̀ ń ṣe gàárì ẹṣin. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń fi irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ ṣeré, irin náà sì gún un ní ojú kan. Àìsàn ojú náà ran èkejì, kò sì ríran mọ́ rárá. Ní ọmọ ọdún mẹ́wàá wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Paris. Nígbà tí ó fi máa di 1824, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ṣe lẹ́tà tí ìka lè kà. Bíréèlì ni a ń pè é, ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Bí ẹ bá gé e sí méjì lágbedeméjì tí ẹ gbé ìdajì kan dúró, ihò mẹ́fà ni ẹ ó rí: mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Bí bíréèlì ti rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí ìka kan lè bò ó. Dípò ihò, àmì tí ó yọ sókè ni. Lápá òsì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, a ń ka 1, 2, 3. Lápá ọ̀tún a ń ka 4, 5, 6. Bí àwọn àmì tí ó yọ bá ti yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà yàtọ̀. Ọ̀nà 63 ni a lè gbà tò wọ́n. A fi ń kọ Faransé, a fi ń kọ Lárúbáwá, a fi ń kọ Yorùbá, a sì fi ń kọ ìṣirò àti orin.

Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ará ilé, kí ọmọ náà tó tó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìka tí kò bá ṣe nǹkan kan rí kò lè ka bíréèlì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́ àgbàdo, kí ó so okùn kí ó sì tú u, kí ó fi ọwọ́ mọ iṣu tí ó ti ń rà yàtọ̀ sí èyí tí ó le. Ẹ jẹ́ kí ó ka kóró kájú láti ọ̀kan dé ogún. Ẹ fún un ní ọ̀pá, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀nà kànga àti ti ilé bàbá àgbà. Yóò ṣubú nígbà mìíràn. Àwọn tí ó ríran náà ń ṣubú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ bọ́ títí di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìfẹ́ ni ìyá fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìyà ni yóò jẹ ọmọ náà ní ọjọ́ tí ó bá dé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Togo, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà ní Togoville, lẹ́bàá Adágún Togo. Ó jìnnà sí wa, nítorí láti Sokodé sí Lomé nìkan ju kìlómítà 300 lọ. Ní Benin, ibùdó kan wà ní Sègbèya ní Kútọnu. Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti wà ní Surulere ní Èkó láti ọdún 1962. Níbẹ̀ ni Cobhams Asuquo, olórin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣòro fún ìyá láti rán ọmọ tí kò ríran lọ sí ọ̀nà jíjìn. A kò ní bá a jiyàn. Kí bàbá àti ìyá kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀, kí wọ́n bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n bèèrè iye owó, ibi tí ọmọ yóò sùn àti ìgbà tí yóò máa wá sílé.

Bí kò bá tíì sí àyè níbẹ̀, ẹ má fi ọmọ sílé. Ẹ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé. Láti ọdún 2008 ìjọba kò gba owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Bí olùkọ́ bá sọ pé òun kò mọ bíréèlì, òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Kí ọmọ jókòó níwájú. Kí olùkọ́ máa ka ohun tí ó bá kọ sára pátákó sókè. Kí ọmọ fi òkúta ṣe ìṣirò. Yóò ti mọ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní bíréèlì. Ní agbègbè Kara àti Savanes, àwọn olùkọ́ alárìnká ti ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wọn. Ẹ̀yin náà lè béèrè irú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó ti béèrè? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí a ń pè ní Action sociale. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ lọ́wọ́. Bí kò bá ní in, ẹ lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n ṣe èyí tí yóò dípò rẹ̀, nítorí láìsí ìwé ìbí, ọ̀ràn ìdánwò yóò le fún un lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń tọrọ bárà. Òfin ilẹ̀ Togo ti ọdún 2004 dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, àdéhùn àgbáyé tí Togo sì fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 2011 sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ bí gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú bíréèlì fúnra wa. Ẹ mú páálí tí kò nípọn jù àti irin ṣóńṣó kan. Ẹ fi aṣọ tí a ká tẹ́ abẹ́ páálí náà. A fẹ́ kọ ilé. A ó fi àmì ohùn sílẹ̀ ná. I jẹ́ 2 àti 4. L jẹ́ 1, 2 àti 3. E jẹ́ 1 àti 5. Láti ẹ̀yìn páálí ni a ti ń lù ú, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ wá sí òsì, àmì tí ó yẹ kí ó wà lápá òsì ni ẹ ó sì lù sí apá ọ̀tún. Ẹ yí páálí náà padà. Ẹ di ojú, ẹ fi ìka kà á láti òsì sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ lu Adé: A jẹ́ 1, D jẹ́ 1, 4 àti 5. E, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó jókòó tì yín, kí òun náà di ojú kà á.