Ìwé Ìpín Ilẹ̀ Nìkan Kò Tó

Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fún mi ní ìwé pé wọ́n pín ilẹ̀ kan fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ayàwòrán-ilé kan tí yóò ya sọ́fè rẹ̀, ìyẹn àwòrán ààlà ilẹ̀ náà, lówó pọ́ọ́kú, kí n sì máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ. Ṣé kí n gbà?
— Olùkọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ọmọ Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, a bá yín yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà o. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó.

Láti ọdún 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bá gbogbo ará ìlú tọ́jú rẹ̀, ìjọba lágbára láti fi ilẹ̀ jíǹkí ẹni tí ó bá tọrọ rẹ̀; síbẹ̀, ìwé ìpín tí ó wà lọ́wọ́ yín kàn jẹ́rìí pé a fún yín nílẹ̀ ni, kò tíì fi ẹsẹ̀ ààlà rẹ̀ múlẹ̀. Awọnlẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ayàwòrán-ilé, àní awọnlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé SURCON, àjọ tí ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1989.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé ìpín yín lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá àwọn ni yóò wọn ilẹ̀ náà tàbí kí ẹ wá awọnlẹ̀ fúnra yín. Bí àwọn baba wa ti ń gbin pèrègún sí ààlà oko ni awọnlẹ̀ yóò ri bíkìn, òpó kúkúrú oníkọnkéré tí a kọ nọ́ńbà sí lórí, mọ́ igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sì hú u ti lòdì sófin. Sọ́fè tòótọ́ a máa fi orúkọ yín, ìwọ̀n ilẹ̀, ọ̀nà àríwá, nọ́ńbà bíkìn gbogbo, àti gígùn ààlà láti bíkìn kan sí èkejì hàn, pẹ̀lú ìlà pupa tí ó yí i ká, ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti ọwọ́ awọnlẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà rẹ̀ wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà náà, nítorí láìsí sọ́fè tí wọ́n gbà wọlé, ọwọ́ yín kò lè tẹ ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí à ń pè ní C of O.

Ẹni tí ó bá kánjú gbẹ́ ìpìlẹ̀ lè kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ tàbí sójú ọ̀nà tí ìjọba yà sọ́tọ̀, kí katakata sì wá wó o lulẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ jẹ́ kí ọkọ́ àti dígà dúró títí nọ́ńbà orí bíkìn yóò fi bá ti inú sọ́fè yín mu.