Àpótí Ìmọ̀: Awọ Àtọwọ́dá Kì í Ṣe Ìbora Lásán

Ẹni tó bá gbọ́ “awọ àtọwọ́dá” lè rò pé wọ́n kàn fi nǹkan bo egbò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jó ènìyàn wọnú, ìpele ìsàlẹ̀ tó ń mú kí awọ lágbára, kó sì máa nà, ti lọ nìyẹn. Àpá líle ni ara fi ń dí àyè rẹ̀. Awọ àtọwọ́dá tí John Burke, oníṣẹ́ abẹ, àti Ioannis Yannas ti MIT gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981 dà bí igi tí àgbẹ̀ ri mọ́lẹ̀ kí ìtàkùn iṣu lè rí nǹkan fà mọ́. Kọ́lájìn ara màlúù àti èròjà inú kerekere ẹja shark ni wọ́n fi ṣe é, ìpele sílíkónì fẹ́lẹ́ sì wà lókè tó ń dá omi ara dúró. Òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun á hù wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, dókítà á bó sílíkónì náà, á sì fi awọ fẹ́lẹ́ láti ara aláìsàn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan á ní ó wọ́nwó, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ di méjì, kí ló dé tí a kò lo awọ aláìsàn nìkan? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí iná jó káàkiri ara kò ní awọ nípọn tó pọ̀ tó láti gé, awọ tí a gé kì í sì í sábà mú lórí egungun tó hàn síta. Àléébù tó wúwo jù ni kòkòrò àrùn: bí egbò kò bá mọ́, asán ni. Igi kì í gba iṣu tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ là.