Ẹ̀kọ́: Iṣẹ́ fún Ẹni tí Ń Bọ̀ Láti Inú Àìsàn Ọpọlọ

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, bí àìsàn ọpọlọ bá kọ lu ẹnìkan nínú wa, a máa ń dá owó jọ, a ó sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ tí ó padà dé, a óò kí i kú àbọ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. A ó ní, kí ó sinmi títí yóò fi sàn tán. Irú ìsinmi aláìlópin bẹ́ẹ̀ kì í wo ènìyàn sàn.

1. Àpẹẹrẹ Árò. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Árò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan. Ní òwúrọ̀, wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, wọn a bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Wọn kò dúró kí wọ́n sàn tán kí wọ́n tó mú ọkọ́: iṣẹ́ wà nínú ìtọ́jú.

2. Ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ a máa jí ènìyàn ní àkókò, a máa mú un bá ẹgbẹ́ pé, owó òógùn rẹ̀ a sì dá iyì rẹ̀ padà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, Robert Drake àti Deborah Becker ti fi hàn pé bí a bá tètè wá iṣẹ́ olówó fún aláìsàn tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́, tí a sì dúró tì í, ó ń ríṣẹ́ ṣe ju ẹni tí a kọ́kọ́ fi sẹ́nu ẹ̀kọ́ gígùn lọ.

3. Ojúṣe wa. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fún un ní iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ gbà á padà sídìí tábìlì rẹ̀, ẹ má sì ròyìn àìsàn rẹ̀ fún àlejò. Ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ ilé ìwòsàn fún un, nítorí iṣẹ́ kò lè rọ́pò oògùn. Bí oorun rẹ̀ bá dà rú, ẹ má lé e. Ẹ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, kí ẹ sì tètè bá a lọ rí dókítà.

Ìbéèrè:
(a) Iṣẹ́ wo ni ó wà lọ́dọ̀ wa tí ènìyàn lè fi wákàtí méjì ṣe lójúmọ́?
(b) Ọ̀rọ̀ wo ni a ń sọ lẹ́yìn ẹni tí ó padà dé, tí a kò lè sọ lójú rẹ̀?